Bí O Ṣe Lè Fi Ọdún Kan IT Kọ́ Iṣẹ́ Gidi Ní Iléeṣẹ́ Ńlá

Ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí ND ní pólì ní Nàìjíríà kì í gba ibẹ̀ bọ́ sí HND, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tó tẹ̀ lé e, tààrà. Àjọ NBTE tó ń mójú tó àwọn pólì ti là á sílẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún kan, ó kéré tán, ṣe iṣẹ́ tó bá ohun tó kọ́ mu. Ọdún yìí ni gbogbo wa mọ̀ sí IT. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú SIWES, ìyẹn oṣù mẹ́rin ìkọ́ṣẹ́ tí a máa ń ṣe kí ND tó parí, èyí tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Nígbà SIWES, olùkọ́ a máa wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò níbi iṣẹ́, a máa yẹ logbook rẹ̀, ìwé tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, wò, máàkì sì wà fún un. Ní ọdún IT, ọ̀pọ̀ pólì kì í rán ẹnikẹ́ni wá, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò mọ̀ bóyá òun kọ́ iṣẹ́ tàbí òun kàn ń wọlé, òun ń jáde, títí ọdún fi yí po.

Ìmọ̀ràn tí mo kọ síbí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe ọdún náà ní iléeṣẹ́ ńlá, irú àwọn tó wà ní Àgbárá, Ọ̀tà, Ìkẹjà, Ṣàgámù, Ewékorò, àti Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ nípa iná ni mo kọ́, iléeṣẹ́ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò ni mo sì ti ṣe tèmi, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ mi yóò ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ inú làábù yóò rí ohun tó kàn án níbẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kó yé ọ kí o tó wá àyè rárá. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń wáyà ilé tàbí tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní ni ọwọ́ rẹ yóò ti kan iṣẹ́, kò sì ní pẹ́ tí ọ̀gá yóò fi jẹ́ kí o dá a ṣe. Ní iléeṣẹ́ ńlá, oṣù mélòó kan lè kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kí o tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lára ẹ̀rọ, nítorí pé wákàtí kan tí ẹ̀rọ bá fi dúró, ọjà rẹpẹtẹ ló bá a lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tìtorí èyí sọ pé iléeṣẹ́ ńlá kò kọ́ àwọn ní nǹkan kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí iléeṣẹ́ ńlá ní tí ṣọ́ọ̀bù kò ní ni ètò: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rọ fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́, ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó pa á, bí ẹni tó ń lọ sílé ṣe ń fi iṣẹ́ lé ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́, àti bí wọ́n ṣe ń tọ ipasẹ̀ ìbàjẹ́ dé ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú ìpinnu láti kọ́ ètò yìí, tó sì ń fi sùúrù wá iṣẹ́ ọwọ́ kún un, ni ọdún náà máa ń ṣe láǹfààní jù.

Wíwá àyè

Má ṣe dúró dìgbà tí o bá ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, nítorí pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń rọ́ lọ sí ẹnu géètì iléeṣẹ́ ní àsìkò kan náà. Gba lẹ́tà ìfinimọ̀ni láti ẹ̀ka rẹ ní pólì nígbà tí o ṣì wà ní ND kejì, kí o sì kọ ìwé nípa ara rẹ tí kò ju ojú ewé kan lọ. Nínú lẹ́tà tí o bá kọ sí iléeṣẹ́, dárúkọ ẹ̀ka tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ pé òun fẹ́ wà ní ẹ̀ka tó ń tún mọ́tò àti pánẹ́ẹ̀lì iná ṣe máa ń yàtọ̀ lójú ọ̀gá sí ẹni tó kọ pé ibikíbi tí wọ́n bá fi òun sí ti tó. Orúkọ iléeṣẹ́ kọ́ ló ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́, ẹ̀ka tó bá wà ni. Mo mọ àwọn tó ṣe IT ní iléeṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, tó sì jẹ́ pé inú yàrá tí wọ́n ń tò fáìlì sí ni wọ́n lò ó tán.

Má ṣe lọ bí ẹni tó ń tọrọ báárà. Òfin ITF, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní ọdún 2011, sọ pé iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san 1% gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ náà lọ́dọọdún, ó sì ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Èyí kò túmọ̀ sí pé iléeṣẹ́ kan pàtó jẹ ọ́ ní àyè, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí òfin mọ̀ nípa rẹ̀ ni o wá ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o san owó kí òun tó bá ọ wá àyè, yálà òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni o, tàbí ẹni tó ní òun mọ ọ̀gá kan, má san kọ́bọ̀. Iléeṣẹ́ tó dúró dáadáa kì í gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ IT.

Kí o tó gba àyè tí wọ́n bá fún ọ, jókòó ṣírò owó ọkọ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ IT lóṣù yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn, àwọn kan kò sì fúnni ní nǹkan kan rárá. Béèrè bóyá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wà, ibi tó ti ń gbé èrò, àti bóyá akẹ́kọ̀ọ́ láǹfààní láti wọ̀ ọ́. Béèrè bóyá wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lóúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tí wọ́n gbà ní Ewékorò lè máa ti Abẹ́òkúta tàbí Ìfọ̀ lọ, bí ọ̀nà bọ́ọ̀sì bá gba ibẹ̀, kó má baà háyà ilé tuntun. Ọdún kan jìnnà, ẹni tó bá ń jí ní agogo mẹ́ta ààbọ̀ òru lójoojúmọ́ kò ní lè dojú kọ ẹ̀rọ pẹ̀lú ọpọlọ tó jí pépé.

Àwọn oṣù àkọ́kọ́

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jíjẹ tàbí mímu lè ní kí o kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò kọ́ ọ ní ìlànà ààbò, wọn yóò sì fún ọ ní bàtà ààbò, akoto àti ohun tí a fi ń dí etí. Fetí sílẹ̀ dáadáa. Ariwo tó bá dé 85 decibel tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ lè ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń rọ ohun mímu sínú ìgò kò sì ṣàì dé ibẹ̀. Etí tó bá ti báyìí bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò, nítorí náà má wo ti àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tí kì í fi nǹkan dí tiwọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, tọ ipa ọ̀nà ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí mo wà, ìgò tí àwọn oníṣòwò dá padà máa ń wọlé nínú kéèsì, ẹ̀rọ kan á yọ ọ́, òmíràn á fi omi gbígbóná àti caustic soda fọ̀ ọ́, òmíràn á wo inú rẹ̀ bóyá ó mọ́ tàbí ó ti sán, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń rọ nǹkan sínú rẹ̀, èyí tó ń dé e, èyí tó ń lẹ bébà mọ́ ọn, àti èyí tó ń kó o padà sínú kéèsì. Ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ. Kọ orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé nìkan. Nígbà tí o bá ti mọ ọ̀nà yìí, ìwọ fúnra rẹ yóò rí ìdí tí àbùkù kékeré lára ẹ̀rọ tó ń kó ìgò sínú kéèsì fi ń dá èyí tó ń rọ nǹkan sínú ìgò dúró: ìgò á kún orí bẹ́líìtì, sensor, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ ìgò lórí bẹ́líìtì, á rí i pé kò sí àyè mọ́, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn á sì pa ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí lè fi ìdajì ọjọ́ yẹ ẹ̀rọ tí nǹkan kan kò ṣe wò.

Kí ènìyàn. Àwọn iléeṣẹ́ kan tó ti òkè òkun wá máa ń sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n máa pe ara wọn lórúkọ, títí dé orí ọ̀gá àgbà. Jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ara wọn máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọdé láàárín wọn, pe àgbà ní Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀gá, Bàbá tàbí Ìyá gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ, kí o sì kí i kú iṣẹ́ kí o tó bi í ní ohunkóhun. Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ni olùkọ́ rẹ tòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé ẹ̀rí tó tó tìrẹ. Bàbá kan wà ní ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ ìgò níbi tí mo wà, tó máa ń gbọ́ ohùn bearing (ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ máa yí geere) tó fẹ́ bàjẹ́ kí irinṣẹ́ èyíkéyìí tó fi hàn. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi, ó ní kí n gbé ọwọ́ lé ìta ẹ̀rọ náà láràárọ̀, kí n sì máa kọ bí ó ṣe gbóná sí àti bí ó ṣe ń gbọ̀n sí. Kò pẹ́ tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìyàtọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú àpò rẹ

Bí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo bá wà tí iléeṣẹ́ ńlá lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ iná, tó sì tó gbogbo ọdún náà, òun ni bí wọ́n ṣe ń ti iná pa kí ọwọ́ tó kan ẹ̀rọ. Kò tó kí a tẹ bọ́tìnnì ìdádúró. Wọn yóò kọ ìwé àṣẹ, ọ̀gá tó ni ẹ̀rọ àti ọ̀gá tó ni iṣẹ́ yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò pa iná láti orí switch rẹ̀ gan-an, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yóò sì fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, pẹ̀lú káàdì tó ní orúkọ rẹ̀, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò gbìyànjú láti tan ẹ̀rọ náà kí wọ́n lè mọ̀ pé kò ní tàn, wọn yóò tún fi mítà wò ó pé iná kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà náà ni ọwọ́ tó lè kàn án.

Bí ènìyàn mẹ́rin bá wà nídìí iṣẹ́ náà, àgádágodo mẹ́rin ni yóò wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tan iná títí ẹni ìkẹrin yóò fi ṣí tirẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ kí ó fún ìwọ náà ní àgádágodo nígbàkígbà tí o bá wà níbi iṣẹ́ irú bẹ́ẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé iná tọ́ọ̀ṣì lásán ni o dì mú. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ìlú wa ni kò ní àṣà yìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń kú nítorí pé ẹnì kan ti òde wá tan switch láìmọ̀ pé ọwọ́ wà nínú wáyà. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Láti ibẹ̀, ohun tí a kọ́ ní kíláàsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yé ọ dáadáa. Wọ́n kọ́ wa pé mọ́tò ńlá tó bá bẹ̀rẹ̀ tààrà lè fa ìlọ́po mẹ́fà iná tó ń lò nígbà tó bá ń yí geere, àti pé star-delta, ìyẹn ọ̀nà kan tí a ń gbà so wáyà mọ́tò nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, ń dín iná ìbẹ̀rẹ̀ náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní iléeṣẹ́, ní kí wọ́n ṣí pánẹ́ẹ̀lì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ hàn ọ́ nígbà tí wọ́n bá ti ti iná pa. Wá contactor mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn switch tí iná fúnra rẹ̀ ń tì, àti timer tó ń ka àkókò, fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán, kí o sì béèrè ìdí tí pọ́ǹpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò fi ní irú rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò bá ti orí àtúnṣe dé, dúró ti ẹni tó ń fi 500 volt wọn bí ohun tó bo wáyà inú rẹ̀ ṣe ń dí iná tó. Bí ohun tó kà bá kéré sí megohm kan (mílíọ̀nù kan ohm), wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n tan án, bó ti wù kí ọ̀gá iṣẹ́ máa kánjú tó.

Bí o ṣe lè kúrò lójú kan náà

Ewu tó wọ́pọ̀ jù ní iléeṣẹ́ ńlá ni pé wọn yóò gbàgbé rẹ síbi tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ́ sí. Ní ìparí oṣù kẹta, kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀gá rẹ, sọ ohun tí o ti kọ́ níbẹ̀, kí o sì bẹ̀bẹ̀ láti lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Bí ó bá ṣeé ṣe, rí i pé o dé ibi tí wọ́n ti ń bójú tó boiler tó ń sọ omi di oru, compressor tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, àti jẹnẹrétọ̀, rí i pé o dé ibi tí wọ́n ti ń ṣètò àkókò àtúnṣe, má sì fojú kéré ilé ìkẹ́rùsí. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ orúkọ gidi ohun èlò, iye tí wọ́n ń tà á, àti bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí wọ́n tó kó o dé láti òkè òkun. Ẹni tó bá mọ̀ pé sensor kan lè pẹ́ lójú ọ̀nà fún oṣù mẹ́ta yóò máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un.

Bẹ̀bẹ̀ fún shift alẹ́ pẹ̀lú, bí iléeṣẹ́ bá gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè àti bí bọ́ọ̀sì bá wà láti gbé ọ wálé. Ní ọ̀sán, ẹlẹ́rọ pọ̀, ìpàdé pọ̀, ìwọ yóò sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ní òru, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà fún gbogbo ìlà iṣẹ́, nítorí náà wọn yóò pè ọ́ pé kí o wá di èyí mú, kí o wá tú tọ̀hún. Òru ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí mo mọ̀ ti wọ̀ mí lára. Wà níbẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí shift bá ń pààrọ̀, kí o sì ka ìwé tí wọ́n ń kọ ìròyìn iṣẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn ẹ̀rọ wà.

Ní ti iṣẹ́ ìránṣẹ́, wọn yóò rán ọ lọ ra oúnjẹ, lọ ṣe ẹ̀dà ìwé, lọ gbé omi. Jẹ́ ẹ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ọmọdé kì í kọ iṣẹ́ àgbà. Ṣùgbọ́n bó bá di pé kò sí ohun mìíràn tí o ń ṣe mọ́, lọ bá ọ̀gá rẹ nígbà tí òun nìkan bá wà, kí o sì sọ pé: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ bearing mọ́tò nọ́ńbà méjì lọ́la. Bí ẹ bá gbà mí láyè, mo fẹ́ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá sì ti parí gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá rán mi kó tó dìgbà náà.” Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbà tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kọ̀, nítorí pé o dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó, o dárúkọ ọjọ́, o kò sì fi ẹnikẹ́ni sùn.

Ìwé tí o ń kọ

Bí pólì rẹ bá fún ọ ní logbook, kọ ọ́, kí wọ́n sì máa fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ní ìwé tìrẹ. Má ṣe kọ pé “a tún ẹ̀rọ ṣe lónìí,” nítorí pé kò ní wúlò fún ọ nígbà tí ọdún bá yí. Kọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe tí wọ́n fi mọ̀ pé kò dá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó fà á, ohun tí wọ́n wò tí wọ́n fi mọ̀ pé ìyẹn kọ́, ohun tó padà jẹ́ gan-an, àti ohun tí wọ́n ṣe kó má baà tún ṣẹlẹ̀. Apá kejì àti ìkẹta ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ẹlẹ́rọ wà. Má sì ya fọ́tò inú iléeṣẹ́ láìgba àṣẹ, má gbé ìwé wọn jáde, má sì fi ohun tí o rí níbẹ̀ sórí Facebook tàbí WhatsApp. Àwòrán tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ yà, tí ọ̀gá rẹ sì mọ̀ nípa rẹ̀, tó.

Láti nǹkan bí oṣù keje, wá iṣẹ́ kékeré kan tí yóò jẹ́ tìrẹ. Èyí tí mo máa ń dábàá fún àwọn àbúrò mi ni wíwá ibi tí afẹ́fẹ́ compressor ti ń jò. Ní ọjọ́ tí ìlà iṣẹ́ kò bá ṣiṣẹ́, tí ariwo sì ti dá, gba àṣẹ, kí o sì tọ páìpù afẹ́fẹ́ láti ìdí dé ìkangun. Wàá máa gbọ́ bí ó ṣe ń ṣe ṣíì níbi ìsopọ̀ àti níbi ihò kéékèèké. So káàdì onínọ́ńbà mọ́ ibẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fi lé ọ̀gá lọ́wọ́. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń fún afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀, nítorí náà owó ló ń jò níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Iṣẹ́ yìí kò ná iléeṣẹ́ ní nǹkan kan, ewu rẹ̀ kò pọ̀, orúkọ rẹ yóò sì wà lórí ìròyìn tí àwọn ọ̀gá kà.

Kí o tó kúrò

Lẹ́tà tó fi hàn pé o parí IT ni pólì yóò béèrè nígbà tí o bá fẹ́ wọ HND. Bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un ní nǹkan bí oṣù kan kí o tó parí, nítorí pé ẹni tó ń fọwọ́ sí i lè lọ ìsinmi. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí bébà tó ní àkọlé iléeṣẹ́, kó ní orúkọ rẹ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí èsì ND rẹ láìyí lẹ́tà kan padà, ẹ̀ka tí o ti ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí o parí, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀. Ka ọjọ́ méjèèjì náà kí o tó kúrò níwájú ẹni tó fún ọ. Bí wọ́n bá fi àṣìṣe kọ oṣù mọ́kànlá, àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní pólì kò ní bá ọ wá oṣù kejìlá.

Dá káàdì ìdánimọ̀, akoto àti gbogbo irinṣẹ́ padà, kí o sì gba ìwé tó fi hàn pé o ti dá wọn padà. Lọ kí àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ní shift mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ọ̀gá ọ́fíìsì nìkan, kí o sì bẹ̀ wọ́n fún nọ́ńbà wọn. Ní HND, ìgbà tí iṣẹ́ àkànṣe bá dé, tí o bá ń wá ẹni tí yóò sọ fún ọ bóyá ohun tí o fẹ́ ṣe lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gidi, àwọn ni o máa pè.